Ṣé Ọjọ́ Ogbó Máa Ń Ṣí Ìborí Lórí Obìnrin?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaykum, Alfa. Ẹni ọdún 64 ni mí, ó sì ti lé ní ọdún 10 tí mi ò ti rí nǹkan oṣù mọ́. Orúnkún ń dùn mí, ooru sì máa ń dédé mú mi, débi pé jìlíbáàbù dúdú, aṣọ ńlá tí mò ń dà bo ara, ti wá di ẹrù sí mi lára. Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn láàárín àwa àgbà obìnrin. Àwọn kan ní ẹni tí nǹkan oṣù rẹ̀ bá ti dúró ti bọ́ lọ́wọ́ híjáàbù, pé ó lè kírun láì borí pàápàá, wọ́n ní Àlùkùránì ló sọ ọ́. Àwọn mìíràn ní bí mo bá fi lè wọ aṣọ tó fúyẹ́ tàbí tó ní àwọ̀, mo ti ń ṣe bí àwọn obìnrin ìgbà àìmọ̀kan, kí Ìsìláàmù tó dé, nìyẹn. Wọ́n tún ní làálì tí mo fi ń pa ewú mi kì í jẹ́ kí àlùwàlá mi pé. Èwo ni kí n mú níbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam wa rahmatullaah, ìyá wa. Kí Ọlọ́hun fi àlàáfíà sí orúnkún yín.

Ẹ má kírun láì borí o. Ẹ jẹ́ ká ti tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí òun ló léwu jù nínú ohun tí wọ́n sọ fún yín. Hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, tí Abu Dawud àti Tirmidhi gbà wá láti ọ̀dọ̀ ìyá wa Aisha sọ pé Ọlọ́hun kì í gba ìrun obìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù àfi pẹ̀lú ìborí. Mo mọ̀ pé orí ọ̀rọ̀ "tó ń ṣe nǹkan oṣù" yìí gan-an ni àwọn kan jókòó lé: wọ́n ní bí nǹkan oṣù bá ti lọ, ìborí náà lọ. Ẹ bá mi bi wọ́n léèrè ẹyọ kan: obìnrin tí nǹkan oṣù wà lára rẹ̀ lọ́wọ́, ṣé ó máa ń kírun? Kì í kírun. Ta wá ni hádíìsì náà ń bá wí? Ẹni tó ti dàgbà tó ẹni tí ń ṣe nǹkan oṣù ni, ìyẹn ẹni tó ti bàlágà. Ẹni tó bá sì ti bàlágà kì í padà di ọmọdé, ì báà pé ọgọ́rùn-ún ọdún.

Ẹni tó bá ti fi orí lásán kírun, ní ìlànà Màlíkì, ìyẹn ti Imaamu Malik, tí à ń tẹ̀lé, yóò tún un kí níwọ̀n ìgbà tí àkókò rẹ̀ kò bá tíì kọjá: Àìlà àti Alaasárì títí oòrùn yóò fi pọ́n, Mágàríbì àti Ìṣáì títí òru yóò fi tán, Àsùbáà títí oòrùn yóò fi yọ. Tí àkókò bá ti kọjá, kí ó tọrọ àforíjìn, kí ó má sì pa dà síbẹ̀ mọ́. Àwọn onímọ̀ ìlànà Ṣáfíì le jù wá lọ níbí: wọ́n ní kò tilẹ̀ kírun.

Ẹ wo aayah, ìyẹn ẹsẹ Àlùkùránì, tí wọ́n ń fà yọ wàyí. Aayah 60 nínú Suuratu Nuur ni. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àwọn àgbà obìnrin tí wọ́n ti jókòó, tí wọn kò retí ìgbéyàwó mọ́, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ fún wọn bí wọ́n bá bọ́ aṣọ wọn sílẹ̀ láì fi ọ̀ṣọ́ hàn, ṣùgbọ́n kí wọ́n má bọ́ ọ dára fún wọn jù. Aayah yìí kò dárúkọ ìrun. Ọ̀rọ̀ ojú ọkùnrin àjèjì ló ń sọ. Ẹni tó bá gbé e wá sórí ẹní ìkírun, àdádáálẹ̀ ló ń ṣe, bó ti wù kí ohùn kíké rẹ̀ dùn tó.

Aṣọ wo ni wọ́n lè bọ́? Abdullah ọmọ Mas'ud àti Ibn Abbas, àwọn sàábé (ọmọlẹ́yìn Ànábì) tí wọ́n mọ Àlùkùránì dunjú, ní jìlíbáàbù ni, ìyẹn aṣọ ńlá tí a ń dà bo gbogbo ara lókè aṣọ yòókù. Ìborí ṣì wà lórí, ẹ̀wù gígùn ṣì wà lọ́rùn. Aṣọ kan péré ló kúrò.

Ta ni aayah náà ń bá wí? Àwọn kan ní "wọ́n ti jókòó" túmọ̀ sí pé wọ́n ti jókòó kúrò nínú ọmọ bíbí. Al-Qurtubi, onímọ̀ Màlíkì ará Andalus, kò gbà pé ìyẹn nìkan tó, nítorí obìnrin lè ṣíwọ́ ọmọ bíbí kí ojú ọkùnrin sì ṣì máa wà lára rẹ̀. Òótọ́ ló sọ. Obìnrin ẹni ọdún 48 tí nǹkan oṣù rẹ̀ tètè dúró, tí ọkùnrin ṣì ń wá fẹ́, kò sí nínú àwọn tí aayah náà ń bá wí. Ohun tí Ọlọ́hun fi ṣe àmì ni "tí wọn kò retí ìgbéyàwó mọ́," kò fi nǹkan oṣù tó dúró ṣe é. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ èyí tó kàn yín. Bí ọ̀rọ̀ ọkọ bá ti kúrò ní ọkàn yín, tí ẹnikẹ́ni kò sì wá yín wá nítorí rẹ̀ mọ́, àǹfààní náà tọ́ sí yín. Ẹ bọ́ jìlíbáàbù, ẹ má bọ́ ìborí, kí tìróò, ẹ̀gbà ọrùn àti aṣọ tó mọ́ ara pinpin má sì sí níbẹ̀. Bí ẹ bá fẹ́ràn láti má bọ́ ọ, ẹ̀san tiyín nìyẹn. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ wá fi "ó dára fún wọn jù" na àgbàlagbà tí ooru ń mú lẹ́gba. Ẹni tó sọ pé ó dára jù náà ló kọ́kọ́ sọ pé kò sí ẹ̀ṣẹ̀.

Ó ṣeé ṣe kí ẹ má tilẹ̀ nílò àǹfààní yẹn fún ohun tó ń dà yín láàmú, torí ìrọ̀rùn nínú aṣọ ìrun ti wà nílẹ̀ fún arúgbó àti ọ̀dọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀. Ó wà nínú Muwatta, ìwé hádíìsì Imaamu Malik, pé wọ́n bi Umm Salamah, ìyàwó Ànábì, léèrè aṣọ tí obìnrin fi ń kírun. Ó ní ìborí àti ẹ̀wù gígùn tó bo ẹ̀yìn ẹsẹ̀. Aṣọ méjì. Ibẹ̀ náà ni obìnrin kan ti sọ fún Urwah, onímọ̀ tó jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n Aisha, pé aṣọ ìbàdí ń ni òun lára, ṣé òun lè fi ẹ̀wù àti ìborí nìkan kírun? Urwah ní bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹ̀wù náà bá ti gùn tó. Ẹ ò rí i pé ìbéèrè yín kọ́ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ayé.

Nítorí náà, ẹ rán ẹ̀wù òwú tó gbọ̀jẹ̀gẹ̀. Òwú ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ wọlé, ó sì ń fa òógùn, aṣọ ọ̀rá ń sé ooru mọ́ ara. Kí ẹ tó rà á, ẹ ki ọwọ́ sábẹ́ rẹ̀ níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà: bí àwọ̀ ara yín bá hàn, ẹ má fi òun nìkan kírun. Nínú ìjókòó ni kí ẹ ti wọn gígùn rẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣàṣìṣe nìyí: ẹ̀wù tó kan ọrùn ẹsẹ̀ nígbà tí èèyàn dúró yóò sún sókè bí ó bá jókòó sórí àga kírun nítorí orúnkún, ojúgun á sì yọ. Ẹ jẹ́ kí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ilẹ̀, tàbí kí ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀ gígùn sí i. Ẹ ṣọ́ra kó má gùn jù bẹ́ẹ̀ kó má baà gbé yín ṣubú. Ẹnu apá aṣọ kò gbọdọ̀ fún ju ohun tó lè ká kọjá ìgúnpá lọ, torí àlùwàlá. Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) wọ ẹ̀wù ilẹ̀ Ṣáámù (Síríà àti agbègbè rẹ̀) kan tí ẹnu apá rẹ̀ fún nígbà ìrìn àjò, ó di dandan kó yọ ọwọ́ gba abẹ́ ẹ̀wù kó tó lè wẹ̀ ẹ́. Bí ìka yín kò bá ṣeé fi so ìborí mọ́, èyí tí a rán pọ̀ tí a kàn ń kì sórí ló dára. Kì í yọ̀ nígbà ìforíkanlẹ̀.

Dúdú tí wọ́n wá sọ di dandan yìí ńkọ́? Mi ò mọ ibi tí wọ́n ti rí i. Asma ọmọ Abu Bakr, gẹ́gẹ́ bó ti wà nínú Muwatta, máa ń wọ aṣọ tí wọ́n fi òdòdó pa láró dáadáa nínú ìhúráámù, ìyẹn ipò ẹni tó ń ṣe Hájì, pàápàá. Bí àwọ̀ kò bá ti pe ojú wá wò yín, ẹ wọ funfun, ẹ wọ àwọ̀ eérú, ẹ wọ búlúù. Àwọ̀ tó mọ́lẹ̀ kì í gba oòrùn sára bíi dúdú, ìyẹn nìkan á dín ooru yín kù.

Ó ku làálì. Nígbà tí wọ́n mú Abu Quhafah, bàbá Abu Bakr, wá ní ọdún tí wọ́n ṣí Mákà, tí irun rẹ̀ funfun báláú, Ànábì ní kí wọ́n fi nǹkan pa á dà, kí wọ́n sì jìnnà sí dúdú. Imaamu Muslim, olùkó hádíìsì jọ, ló gbà á wá. Làálì kò sí lára dúdú tó ní kí wọ́n jìnnà sí, ó wà lára ohun tó dára jù láti fi pa ewú. Aró dúdú ni Imaamu Malik sọ pé àwọ̀ mìíràn wu òun jù ú lọ, ó sì ní ẹni tó bá fi ewú rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kò sí ìnira fún un. Mákírúù, ìyẹn ohun tí a kò fẹ́ ṣùgbọ́n tí kì í ṣe èèwọ̀, la ka dúdú sí, àyàfi bí a bá fi ń tan ẹni tó fẹ́ gbéni níyàwó jẹ, ìyẹn hàráámù, èèwọ̀ pátápátá.

Ní ti àlùwàlá, àwọ̀ kì í dí omi. Ohun tó ń dí omi ni làálì pípò tó ṣì wà lórí. Malik sọ nínú Mudawwanah, ìwé ìdáhùn rẹ̀ lórí òfin ẹ̀sìn, pé pípa orí lórí làálì kò tó, àfi kí a kó o kúrò kí ọwọ́ tutù tó kan irun. Bí ẹ bá fẹ́ lò ó, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́rí lẹ́yìn Ìṣáì, kí ẹ ṣàn án kúrò kí Àsùbáà tó tó. Ìrun tí ẹ ti fi irun tó pọ́n yẹn kí láti ọdún yìí wá ti yẹ, bí Ọlọ́hun bá gbà á. Ẹ má san ọ̀kankan padà.