Ọ̀rẹ́ mi Híńdù ń lọ sí Hinglaj: ṣé mo lè bá wọn lọ?

ÌBÉÈRÈ: Asalaamu alaykum, Ààfáà. Karachi ní Pakistan ni mo ti ń kàwé. Híńdù ni ọmọ kíláàsì mi kan, ará Tharparkar. Lóṣù kẹrin, òun àti ẹbí rẹ̀ ń lọ sí ojúbọ Hinglaj nínú aṣálẹ̀ Balochistan, wọ́n sì ní kí n wá bá àwọn lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé àwọn Mùsùlùmí ibẹ̀ máa ń fún wọn lómi lọ́nà, wọ́n tiẹ̀ ń pe ìrìn àjò náà ní "Hájì Nani". Ṣé ẹbọ kọ́ nìyẹn? Ṣé mo lè tẹ̀lé wọn?

ÌDÁHÙN: Wa alaykumu salaam. Ọmọ mi, o ṣeun tó o béèrè kó o tó gbéra. Àwọn míì á lọ, wọ́n á bọ̀, kí wọ́n tó wá bi wá.

Fún ẹni tí kò mọ ibẹ̀: Hinglaj wà ní Lasbela, nǹkan bí 250 kìlómítà sí Karachi, nínú ihò àpáta kan lẹ́bàá odò Hingol. Kò sí ère tí ọwọ́ gbẹ́ níbẹ̀. Òkúta kékeré kan tí wọ́n fi nǹkan pupa bí osùn kùn ni wọ́n ń bọ. Àwọn Híńdù gbà pé ibẹ̀ ni orí Sati, ìyàwó òrìṣà wọn Shiva, bọ́ sí. Kí wọ́n tó débẹ̀, ọ̀pọ̀ á kọ́kọ́ gun Chandragup, òkè tó ń pọ ẹrẹ̀, wọ́n á ju àgbọn sínú rẹ̀. Kí wọ́n tó la títì etíkun Makran, ẹsẹ̀ ni wọ́n fi ń la aṣálẹ̀ kọjá, àwọn kan ṣì ń rìn ín títí dòní. Lójú ọ̀nà yẹn, omi ti kúrò lọ́rọ̀ ẹ̀sìn, ọ̀rọ̀ ẹ̀mí ni.

Ànábì wa (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ ìtàn ọkùnrin tó rí ajá tí òùngbẹ ń pa, tó kó sínú kànga, tó fi bàtà rẹ̀ bu omi fún un, Ọlọ́hun sì forí jì í. Ó ní láádá wà lára gbogbo ohun abẹ̀mí. Bukhari àti Muslim gba hàdíísì yìí wá. Bó bá jẹ́ pé ajá nìyẹn, kí ni ká wá sọ nípa ìyá arúgbó Híńdù tí ètè rẹ̀ ti gbẹ? Súrà Mumtahanah, áyà 8, sì ti sọ pé Ọlọ́hun kò kọ̀ fún wa láti ṣe dáadáa sí àwọn tí kò bá wa jà nítorí ẹ̀sìn.

Orúkọ "Hájì Nani" yẹn ni mi ò fara mọ́. "Nani" túmọ̀ sí màmá àgbà, òrìṣà Hinglaj ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Hájì kan ṣoṣo ló wà, Mẹ́kà ni. Ẹni tó ń pọn omi kò ṣẹbọ. Ẹni tó bá ń tọrọ nǹkan lọ́wọ́ Nani ti ṣe é, Mùsùlùmí yòówù kó jẹ́. Mi ò ní ti ibí máa pe àwọn ará ibẹ̀ ní kéfèrí. Mi ò mọ ohun tó wà lọ́kàn wọn.

Ní ti bíbá wọn lọ, ẹnu àwọn onímọ̀ kò kò. Àwọn kan ní ìrànlọ́wọ́ lórí ẹ̀ṣẹ̀ ni. (Ìbéèrè yìí náà ni wọ́n máa ń bi mí lóṣù kẹjọ ọdọọdún nítorí Ọ̀ṣun Òṣogbo.) Ojú tèmi rèé: bá wọn dé ibi tí wọ́n ti ń pín omi, dúró síbẹ̀, kó o máa pín in. Má wọ ihò náà nígbà ìjọsìn, má sì jẹ àgbọn tí wọ́n ti fi rúbọ. Oúnjẹ tí wọ́n sè fún ara wọn, tí kò sí ẹran nínú rẹ̀, jẹ ẹ́.

Má fi òkúta wọn ṣe yẹ̀yẹ́. Súrà An'ám, áyà 108, kọ̀ ọ́. Nígbà tí ọ̀gágun Mùsùlùmí, Muhammad ibn al-Qasim, ṣẹ́gun Sindh, agbègbè tí Karachi wà, ní nǹkan bí 712, ó ní ilé òrìṣà wọn dà bíi ṣọ́ọ̀ṣì àwọn Nàsárá, ó sì fi í sílẹ̀ fún wọn. Al-Baladhuri òpìtàn ló kọ ọ́.

Arìnrìn-àjò ni ọ́ níbẹ̀, nítorí náà gé Àìlá, Alásárì àti Ìṣáì sí ráká méjì-méjì. Sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ kí ẹ tó gbéra pé mọ́tò á dúró nígbà ìrun.