Wákàtí Méje Kí Éèsì Méjì Tó Dé

Àwọn ìbéèrè yín lórí póókà (ayò káàdì tí wọ́n ń fi owó ta), ìrìnàjò àti ìgbé ayé ìdí tábìlì

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ọdún 26 ni mí, mo ń tún fóònù ṣe ní Ìbàdàn. Ọdún kejì rèé tí mo ti ń ta póókà lórí fóònù, mo sì ń jẹ. Mo fẹ́ bẹ àwọn ẹ̀gbọ́n mi kí a ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Mọ́níyà, kí n fi owó rẹ̀ lọ sí ìdíje ńlá ní Las Vegas. Kí lẹ rí sí i? (A., Mọ́kọ́lá)

Àbúrò mi, jọ̀ọ́, má tà á. Ọdún mẹ́sàn-án rèé tí mo ti ń wọ ọkọ̀ òfuurufú láti Houston lọ sí Las Vegas lọ́dọọdún, tí mo ń kọ nípa ìdíje World Series of Poker. Ohun tí mo fojú rí ni mo fẹ́ sọ fún ọ.

$10,000 ni wọ́n ń san kí èèyàn tó jókòó síbi ìdíje àgbà tí wọ́n ń pè ní Main Event. Ní 2024, èèyàn 10,112 ló san án. Àwọn 1,517 ló rí owó gbà, $15,000 sì ni ti ẹni tó gba èyí tó kéré jù nínú wọn. Àwọn 8,595 yòókù lọ sílé lọ́wọ́ òfo. Ẹni tí owó ike rẹ̀ (ike róbótó tí wọ́n fi ń dípò owó ní ìdí tábìlì) bá tán kì í pariwo. Á dìde, á bọ ẹni tó jókòó tì í lọ́wọ́, á gbé báàgì kọ́ èjìká. Kó tó dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n ti ń pín káàdì mìíràn. Bí èèyàn bá tilẹ̀ jẹ, ìjọba Amẹ́ríkà a máa yọ ìdá 30 nínú 100 lára owó tẹ́tẹ́ àjèjì tí orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò bá ní àdéhùn owó orí pẹ̀lú wọn. Nàìjíríà kò ní in.

Mo mọ ìtàn tó ń dùn mọ́ ọ nínú. Chris Moneymaker, oníṣirò owó láti Tennessee, fi $86 wọ ìdíje kékeré kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ibẹ̀ ló ti rí àyè dé Las Vegas ní 2003. Èèyàn 839 ló wà níbẹ̀, òun ló gbẹ̀yìn gbogbo wọn, ó sì gba mílíọ̀nù méjì àbọ̀ dọ́là. Òótọ́ ni. Nígbà tó ku òun àti Sam Farha, káàdì ọba àti méje ló wà lọ́wọ́ Moneymaker, wọn ò bá ohunkóhun mu nínú káàdì tó wà nílẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń lò. Mẹ́sàn-án kan wà lọ́wọ́ Farha, òmíràn sì wà nílẹ̀. Moneymaker ti gbogbo owó ike rẹ̀ síwájú, bí ẹni pé káàdì gidi ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, torí kò sẹ́ni tó ń rí káàdì ẹlòmíràn. Ó jókòó jẹ́ẹ́, kò mira. Farha rò ó títí, ó wá ju káàdì tó dára jù nù, ó fi owó náà sílẹ̀ fún un.

Ṣùgbọ́n wo ohun tó fi sílẹ̀ láti ilé: $86. Kò ta ilẹ̀ ẹnikẹ́ni. Bí o bá mọ̀ pé ilẹ̀ bàbá yín ló wà nídìí owó ike yẹn, ọwọ́ rẹ á máa gbọ̀n, àwọn tó jókòó tì ọ́ á sì rí i.

Máa ta póókà rẹ, n kò ní kí o má ta á. Ya owó rẹ̀ sọ́tọ̀ kúrò lára owó ṣọ́ọ̀bù, kó má ju iye tó bá lọ tí wàá ṣì rí oúnjẹ jẹ. Bí ọ̀nà Las Vegas yóò bá là, jẹ́ kó là láti inú owó kékeré yẹn.

Kí lẹ máa ń dì sínú àpótí? (Bùkọ́lá, Manchester)

Kádígànì tó nípọn. Ìta Las Vegas á máa jó èèyàn bí iná ní oṣù keje, ó ń kọjá 40°C, inú káṣínò á sì tutù bí ilé ẹlẹ́ja dídì. Gààrí Ìjẹ̀bú, ẹ̀pà àti ṣíbí kan: yìnyín kò wọ́n ní òtẹ́ẹ̀lì. Aago ọwọ́ náà ṣe pàtàkì, torí ó ṣòro kí ẹ tó rí aago lára ògiri káṣínò. Bí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ ní pápákọ̀ òfuurufú, ibẹ̀ gan-an lẹ ti máa pàdé kàlòkàlò. Ẹ kọjá lára wọn.

Ẹ̀gbọ́n, ṣé oríire kọ́ ni gbogbo rẹ̀? Kí ló wà nínú kí èèyàn jókòó ní wákàtí mẹ́wàá? (T., Ọ̀yọ́)

Ìwọ ọmọ Ọ̀yọ́, ìdí ayò ni mo ti máa bá ọ bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ayò 48 ló wà níwájú ẹni méjèèjì, kò sí èyí tó pamọ́. Ọ̀ta á na òpè lónìí, á tún nà án lọ́la. Póókà kò rí bẹ́ẹ̀. Òpè lè na ọ̀ta láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, ó sì lè tó oṣù mélòó kan kí ìmọ̀ tó hàn.

Éèsì méjì (káàdì tó ní lẹ́tà A) ni káàdì tó dára jù tí wọ́n lè kọ́kọ́ fún èèyàn. Ẹ̀ẹ̀kan péré ló ń wá nínú ìgbà 221. Apínkáàdì á pín tó ìgbà 30 ní wákàtí kan, nítorí náà wákàtí méje lè kọjá kó tó kàn ọ́. Jíju káàdì nù ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí.

Ní èṣí, mo wà ní tábìlì kékeré kan ní Fremont Street ní Las Vegas, níbi tí ìlú àtijọ́ wà. Obìnrin kan tí yóò ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló ń pín. Ó di aago mẹ́rin ìdájí kí éèsì méjì tó kàn mí. Ọkùnrin onífìlà búlúù kan gbé ọba méjì kò mí. Nígbà mẹ́rin nínú márùn-ún, èmi ni mo ń jẹ. Káàdì ìkẹyìn jẹ́ ọba, ọba rẹ̀ di mẹ́ta, ó sì borí éèsì mi. $300 lọ. Gbogbo ohun tó yẹ ní ṣíṣe ni mo ṣe, owó náà sì lọ.

Obìnrin yẹn wò mí, ó ní, “Ó dùn mí fún ọ.” Ẹlòmíràn wá gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀. Kó tó lọ, obìnrin náà pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sókè, ó yí wọn padà, kí kámẹ́rà òkè àjà lè rí i pé kò mú nǹkan kan dání. Nígbà tó ṣe, mo tún rí i nínú bọ́ọ̀sì Deuce tó ń ná Fremont àti Strip, òpópó àwọn káṣínò ńlá, tọ̀sán-tòru. Ó ti bọ́ bàtà, ó ń fọwọ́ ra ẹsẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń tún yàrá òtẹ́ẹ̀lì ṣe kún inú ọkọ̀, wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́. Apínkáàdì yẹn sọ fún mi pé ẹ̀bùn dọ́là kọ̀ọ̀kan tí a ń jù sí àwọn apínkáàdì ló ń san owó ilé òun. Láti ọjọ́ náà, n kì í jẹ owó kí n má fún wọn.

Ìyẹn ló ń mú mi padà lọ, àbúrò. Káàdì náà dùn, àmọ́ àwọn èèyàn yẹn ló ń wù mí í kọ nípa wọn.

Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi kì í sùn mọ́. Ó ní iṣẹ́ lòun ń ṣe, pé póókà kì í ṣe tẹ́tẹ́. Owó ilé oṣù yìí kò pé. (Ìyá ọlọ́mọ mẹ́ta, Peckham)

Ìyá wa, ó dùn mí púpọ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan fi ṣe iṣẹ́. Gbogbo àwọn tí mo mọ̀ nínú wọn ló ní ìwé kan: ọjọ́, wákàtí, iye tí wọ́n gbé lọ, iye tí wọ́n gbé bọ̀. Ẹ bi í léèrè ìwé yẹn ní ọ̀sán tí ara rẹ̀ bá balẹ̀, kì í ṣe lóru. Bí kò bá ní in, kì í ṣe iṣẹ́, ẹ má sì jẹ́ kó fi ọ̀rọ̀ dùn yín.

Kí owó ilé kọ́kọ́ bọ́ sí àpò tí ọwọ́ rẹ̀ kò tó. Bánkì lè ti ọ̀nà owó tẹ́tẹ́ pa lórí káàdì rẹ̀ bí òun fúnra rẹ̀ bá bẹ̀ wọ́n. Ní Britain, GAMSTOP wà lọ́fẹ̀ẹ́: á forúkọ sílẹ̀, wọn yóò sì dí i lọ́wọ́ lórí gbogbo ojúlé tẹ́tẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tó ní ìwé àṣẹ níbẹ̀ fún oṣù mẹ́fà, ọdún kan tàbí ọdún márùn-ún. Ẹ wá ẹni kan tí ó bọ̀wọ̀ fún, bóyá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, kí ẹ má dá a gbé.

Ẹ kọ̀wé sí mi padà, ẹ jọ̀ọ́. Mo fẹ́ mọ ohun tó sọ nígbà tí ẹ béèrè ìwé náà.