Bí owó bá dàwátì lójú ìrìn-àjò ẹgbẹ́, ẹ má tú báàgì ẹnikẹ́ni

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìdààmú o. Ẹ ní ẹgbẹ́ yín wà ní Kétu, lórílẹ̀-èdè Benin, àpòòwé owó ìyá kan nínú yín dàwátì nílé ìtura, àwọn kan ń sọ pé kí gbogbo yín tú báàgì sílẹ̀ lójú ara yín, àwọn yòókù sì ti dojú kọ ọmọ tó ń tún yàrá ṣe. Irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ẹgbẹ́ tiwa ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní Benin kan náà, èmi sì ni wọ́n fi ìwádìí náà lé lọ́wọ́. Ìwé ni mò ń tà l'Abẹ́òkúta, n ò ṣe ọlọ́pàá rí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti pẹ́ nídìí ìtàwé á ti mọ bí nǹkan ṣe ń kúrò lórí pẹpẹ àti bó ṣe ń padà síbẹ̀.

Ẹ má tú báàgì ẹnikẹ́ni. Kí ẹ tó parí àríyànjiyàn lórí ẹni tí ẹ máa kọ́kọ́ tú tiẹ̀, ẹni tó mú owó ti gbé e síbòmíràn. Ohun tí kò kàn yín lẹ máa bá nínú ẹrù àwọn yòókù: oògùn ẹni tí kò fẹ́ ká mọ̀ pé ara òun ò dá, ìwé ilé ẹjọ́ ẹni tí òun àti ọkọ rẹ̀ fẹ́ kọ ara wọn. Ní tiwa, alága ti tú ti ẹni méjì kí n tó bẹ̀ ẹ́ pé kó dáwọ́ dúró. Ìyá tó ni báàgì kejì kò bá a jẹun lórí tábìlì kan mọ́ títí a fi padà délé, mi ò sì lè bá ìyá náà wí.

Ẹ kọ́kọ́ wá owó náà bí ohun tó ṣìnà, kì í ṣe bí ohun tí wọ́n jí. Nínú ṣọ́ọ̀bù mi, púpọ̀ nínú ìwé tí mo rò pé olè ti gbé ni mo padà rí lórí pẹpẹ tí kì í ṣe tirẹ̀, torí ẹni tó yẹ̀ ẹ́ wò kò rántí ibi tó ti mú un. Kí ìyá yẹn jókòó pẹ̀lú ẹnì kan tó fọkàn tán, kí wọ́n gbọn aṣọ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì, inú bàtà, àárín ojú ìwé Bíbélì tàbí Kùránì, ìsàlẹ̀ báàgì níbi tí aṣọ inú rẹ̀ ti ya. Àgbàlagbà máa ń fi owó pamọ́ lójú ìrìn-àjò débi pé òun fúnra rẹ̀ kò ní rántí ibẹ̀ mọ́. Bí wọn ò bá rí i, ẹ wá tẹ̀ síwájú.

Bí tiwa ṣe lọ rèé. Ìdíìrókò la gbà kọjá sí Ìgólò. Lẹ́nubodè, akápò wa ṣẹ́ owó ẹgbẹ́ sí sẹ́fà (CFA), owó tí wọ́n ń ná ní Benin. Ẹlẹ́gbẹ̀rún mẹ́wàá ni wọ́n fún un, tuntun, tí wọn kò tíì ká sí méjì rí, èmi ni mo sì bá a kà á. Ó mú díẹ̀ nínú rẹ̀ san owó ilé ìtura ní Àjàṣẹ́, ó fi ìyókù sínú àpòòwé fún àwọn onígẹ̀lẹ̀dẹ́ tó ń dúró dè wá ní Kétu. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ yìí gan-an ló gbé wa jáde nílé. Láti 2001 ni UNESCO ti kà á mọ́ ohun iyebíye aráyé, ọ̀pọ̀ nínú wa sì ti ń gbọ́ ọ látẹnu àwọn òbí wa pé Kétu ló ti wá, ṣùgbọ́n a ò tíì fojú kàn án níbẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, a lọ wo Honmè, ààfin Ọba Toffa tó jọba láti 1874 títí di 1908. Lẹ́yìn ìyẹn a lọ síwájú mọ́sáláṣí ńlá tí àwọn Àgùdà tó ti Brazil dé kọ́, tí ojú rẹ̀ rí bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì, tí ọ̀dà ara rẹ̀ jẹ́ aláràbarà. Gbogbo ènìyàn yọ fóònù níbẹ̀. Nígbà tó dalẹ́, akápò ṣí báàgì, àpòòwé ti lọ.

Ká tó jẹun tán, wọ́n ti dá ẹjọ́. Ọmọkùnrin tó ń mú wa kiri ni. Ọmọ Àjàṣẹ́ ni, ìyá rẹ̀ Nàgó, ìyẹn Yorùbá ibẹ̀, bàbá rẹ̀ Gùn, ẹ̀yà mìíràn níbẹ̀. Ó ń bá wa sọ Yorùbá tó dùn létí, ó sì ń bá àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sọ Gùn lórí fóònù. Ẹ̀rí wọn nìyẹn, pé ó ń sọ èdè tí a ò gbọ́. Ẹnì kan tún ní òun rí owó lọ́wọ́ rẹ̀, pé lẹ́tà B ló wà nídìí nọ́ńbà rẹ̀, bíi ti akápò. Mo ní kí wọ́n mú owó tiwọn náà jáde ká wò ó. Orílẹ̀-èdè tí wọ́n tẹ owó fún ni lẹ́tà yẹn ń sọ: B ni Benin, T ni Togo, A ni Ivory Coast, K ni Senegal. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ ló ń ná owó kan náà yìí, ó sì ṣòro kéèyàn wà ní Àjàṣẹ́ kó má ní B lápò. Inú bí mi gidigidi lálẹ́ ọjọ́ náà. Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé ló fa ààlà sáàárín wa ní 1889. A sọdá ààlà náà pé a fẹ́ lọ rí àwọn ará wa, nǹkan sọnù, ará wa yẹn náà la kọ́kọ́ pè lólè.

Ẹlòmíràn ní ká lọ fi irin búra. Mo bọ̀wọ̀ fún Ògún, ṣùgbọ́n mi ò gbà á láyè, ẹ̀yin náà ẹ má gbà á. Ẹni tí ẹ̀rù bá níwájú irin lè jẹ́ ẹni tí ẹ̀sìn rẹ̀ kò fàyè gba ìbúra, ó sì lè jẹ́ ẹni tí àyà rẹ̀ kàn máa ń já. Ẹ ó wá mú aláìṣẹ̀ torí pé ọwọ́ rẹ̀ gbọ̀n.

Mo bá wọn sọ̀rọ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mi ò jókòó bí adájọ́. Mo bá ẹnì kan rìn lọ ra omi, mo bá ẹlòmíràn ká aṣọ. Mi ò bi ẹnikẹ́ni pé ta ló fura sí. Ìbéèrè yẹn ló ń ba ẹgbẹ́ jẹ́, torí ẹni tó bá ti dárúkọ ènìyàn kan, á ti máa wù ú kó jẹ́ ẹni yẹn, kò sì ní rí nǹkan mìíràn mọ́. Ohun tí kálukú ṣe fúnra rẹ̀ ni mo béèrè, láti ìgbà oúnjẹ alẹ́ padà sẹ́yìn dé àárọ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ ọ́ láti ẹ̀yìn wá. Ẹni tó ti to irọ́ kalẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó máa ń ṣòro fún un láti kà á padà. Ẹni tó ń sọ òótọ́ á máa rántí nǹkan kéékèèké bó ṣe ń padà lọ, pé bàtà ta òun lẹ́sẹ̀, pé ẹnì kan yá òun ní agboòrùn.

Akápò fi Ọlọ́run jẹ́rìí pé báàgì náà kò kúrò léjìká òun látàárọ̀. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ló ń sọ, kò purọ́. Fọ́tò ló sọ nǹkan mìíràn. Mo ní kí kálukú fi fọ́tò ọjọ́ náà hàn mí lórí fóònù tó fi yà á. Ẹ fiyè sí èyí, kì í ṣe kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín lórí WhatsApp. Fọ́tò tó bá gba orí WhatsApp kọjá, wákàtí tí wọ́n yà á kì í bá a dé. Orí fóònù tó yà á gan-an lẹ ó ti rí i. Mo kọ wákàtí wọn sórí ìwé, mo tò wọ́n tẹ̀ léra. Ẹ má wo ẹni tó ń rẹ́rìn-ín láàárín fọ́tò, ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Níwájú mọ́sáláṣí, akápò dúró láàárín àwọn obìnrin, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì ń tún gèlè ṣe, kò sí báàgì léjìká rẹ̀. Nínú fọ́tò mìíràn tí wọ́n yà kété lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́bàá ògiri, ẹ̀gbọ́n kan tí gbogbo wa ń bọ̀wọ̀ fún ló há báàgì náà sábíyá. Ọmọ tó ń mú wa kiri wà lọ́ọ̀ọ́kán, ó ń bá wa ra omi, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì kún. Nígbà tí mo fi han akápò, ó fọwọ́ bo ẹnu. Ó ti gbàgbé pátápátá pé òun gbé e fún ẹ̀gbọ́n náà dì mú.

Síbẹ̀, ẹni tó bá èèyàn di báàgì mú kò tíì jalè. Mi ò sọ fún ẹlòmíràn, mo sì bẹ akápò pé kó pa ẹnu mọ́. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́.

Ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n náà fúnra rẹ̀ wá bá mi pé kí n bá òun ṣẹ́ ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá sí wẹ́wẹ́. Ẹ ó ti rí i bí ṣéńjì ṣe ṣòro tó lọ́hùn-ún, àwọn zémìjàn, ìyẹn àwọn ọlọ́kadà ibẹ̀, kì í fẹ́ fojú rí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá, gbogbo ẹgbẹ́ sì mọ̀ pé owó wẹ́wẹ́ kì í wọ́n lọ́wọ́ mi. Owó tó fún mi le gbagidi, kò ní ojú ìká kankan. Mo ṣẹ́ ẹ fún un, mo wá lọ bá ìyá tó ni ilé ìtura. Owó tí akápò san fún un ṣì wà nínú àpótí rẹ̀, kò tíì gbé e lọ sí báǹkì. A tẹ́ wọn sórí tábìlì. Nọ́ńbà wọn tẹ̀ lé ara wọn láìyẹ̀, nọ́ńbà tó wà lọ́wọ́ mi ló sì tẹ̀ lé èyí tó gbẹ̀yìn nínú wọn.

Mo tún rò ó wò, kí n má baà ba ti ẹlòmíràn jẹ́. Ṣé ilé ìtura ló fún un ní ṣéńjì? Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá ni bébà owó tó tóbi jù nínú sẹ́fà, kò sí ẹni tó ń gbà á ní ṣéńjì. Ṣé ẹnubodè ló ti gbà á? Ojú wa ló ṣe ṣẹ́ owó tirẹ̀, ẹlẹ́gbẹ̀rún márùn-ún gbígbó ni wọ́n kà fún un. Ìgbà yẹn ló tó dá mi lójú.

Mo pè é sẹ́yìn ilé, àwa méjì péré. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, owó tí ẹ fún mi láàárọ̀, ara owó Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ni. Mi ò tíì bá ẹnikẹ́ni sọ ọ́." Mo fi nọ́ńbà hàn án, mo wá dákẹ́. Ẹ rí i pé ẹ dákẹ́. Bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ lé ara wọn, ẹ̀yin fúnra yín lẹ máa bá a wá àwáwí. Ó pẹ́ kó tó lahùn. Wọ́n ti pè é láti ilé nípa gbèsè ọmọ rẹ̀, ó ti fi gbogbo owó ìrìn-àjò rẹ̀ ránṣẹ́, ojú sì ń tì í láti wà láàárín wa lọ́wọ́ òfo. Ó ní òun fẹ́ dá a padà. Ó kó èyí tó kù fún mi nínú àpòòwé náà gan-an, ó sì san èyí tó ti ná fún ẹgbẹ́ ní náírà nígbà tí a délé. Alága àti akápò nìkan ni mo sọ orúkọ rẹ̀ fún. Àwọn yòókù gbọ́ pé owó ti jáde.

Alága ní ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn, ká máa lọ sí Kétu. Mo ní mi ò ní bá wọn lọ. Ọmọ tó ń mú wa kiri ńkọ́? Wọ́n ti lé e lálẹ́ àná láìsan owó iṣẹ́ rẹ̀, lójú àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura àti àwọn awakọ̀. Ẹni tó ń mú àlejò kiri, orúkọ rere rẹ̀ ló fi ń jẹun. Bí èèyàn mẹ́wàá bá gbọ́ pé ó jalè, tí ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́ pé kò jalè, a ti gba oúnjẹ lẹ́nu rẹ̀. Àwọn kan ní àgbà kì í lọ bẹ ọmọdé. Mi ò gba ọ̀rọ̀ yẹn rárá, mi ò sì ní gbà á láé. Àgbà tó lè pe ọmọ ọlọ́mọ lólè ní gbangba, ó yẹ kó lè bẹ̀ ẹ́ ní gbangba.

A kọ́kọ́ pe àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìtura jọ, alága sọ fún wọn pé ọmọ náà kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbogbo wa lọ sílé ìyá rẹ̀, nítòsí ọjà Ouando. Ìyá náà kò bi wá ní nǹkan kan, omi ló kọ́kọ́ gbé fún wa, bí wọ́n ṣe ń ṣe fún àlejò níbẹ̀. Alága dọ̀bálẹ̀. Ẹ̀gbọ́n tó mú owó náà dọ̀bálẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyá náà ní, "Ọmọ mi ò sùn lánàá," kò sì fi nǹkan mìíràn kún un títí tí ọmọ náà fi jáde. A san owó rẹ̀ pé, a bẹ̀ ẹ́ kó bá wa dé Kétu, ó sì gbà. Òun ló mú wa dé Akaba Idena, ẹnubodè àtijọ́ ìlú náà, ló fi yàrà ìlú hàn wá, ló sì sọ fún wa bí àwọn Dahomey ṣe pa ìlú náà run ní 1886. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tó mọ ìtàn yẹn tó o.

Nítorí náà, kí ẹ tó bi ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan, ẹ lọ sọ fún ọ̀gá ọmọ tó ń tún yàrá ṣe pé ẹ kò fẹ̀sùn kan án. Ẹ tún bi wọ́n ní pẹ̀lẹ́ pé ta ló gba kọ́kọ́rọ́ yàrá yẹn lọ́jọ́ náà, àti ìgbà wo.

Bó bá jẹ́ pé páásípọ́ọ̀tù bá owó náà lọ, ọ̀rọ̀ yàtọ̀, ẹ má dúró de ìwádìí kankan. Ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá ní Kétu kí wọ́n kọ ìwé fún yín pé ó sọnù. Faransé ni wọ́n á fi kọ ọ́, ẹ mú ẹni tó gbọ́ ọ dání kó kà á fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i. Ẹ mú ìwé náà lọ sí ilé iṣẹ́ aṣojú Nàìjíríà ní Kọ̀tọnù. Ọ̀nà yẹn jìn láti Kétu, ẹ tètè gbéra láàárọ̀. Ní ti owó, bó bá jẹ́ pé tuntun ni wọ́n kà fún ìyá yẹn nígbà tó ṣẹ́ ẹ, ẹ wá ibi tó ti kọ́kọ́ ná nínú rẹ̀, kí ẹ sì bẹ onílé ìtura lálẹ́ yìí pé kó má tíì gbé owó tí ẹ san fún un lọ sí báǹkì.