Èsì: Ṣé obìnrin lè ṣe alága ìgbìmọ̀ àwọn ẹlẹ́sìn Báháì?

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹni tó sọ fún yín pé obìnrin ò lè ṣe alága ti ṣì í. Ó lè ṣe é. Ènìyàn 9 ló wà nínú Ìgbìmọ̀ Ẹ̀mí ti àdúgbò, ìyẹn ìgbìmọ̀ tó ń darí àwọn Báháì níbẹ̀, kò sì sí àyè kankan tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ọkùnrin. Ti orílẹ̀-èdè náà rí bẹ́ẹ̀.

Ibi tó yàtọ̀ ni Ilé Ìdájọ́ Àgbáyé, ìgbìmọ̀ tó ga jù lọ nínú ẹ̀sìn náà, ní Haifa ní Ísírẹ́lì, tí wọ́n kọ́kọ́ dìbò yàn ní 1963: ọkùnrin nìkan ló ń wọ ibẹ̀. ‘Abdu’l-Bahá, ọmọ olùdásílẹ̀ ẹ̀sìn náà, ní ìdí rẹ̀ yóò hàn kedere lọ́jọ́ iwájú. Ìdáhùn yẹn kì í tẹ́ gbogbo ènìyàn lọ́rùn, ẹ má fi ipá mú ẹnikẹ́ni gbà á. Àmọ́ obìnrin kan, Bahíyyih Khánum, àbúrò ‘Abdu’l-Bahá, ló di ẹ̀sìn náà mú ní 1922, nígbà tí Shoghi Effendi, olórí ẹ̀sìn náà nígbà yẹn, kò sí nílé.

Ní ti ìbò Ìgbìmọ̀ Ẹ̀mí àdúgbò yín:

1. Orúkọ 9 gééré ni kí oníkálukú kọ. Bó bá jẹ́ 8 tàbí 10, ìwé ìbò náà bàjẹ́.
2. Ẹ má dábàá orúkọ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ torí kí obìnrin lè wọlé. Ìpolongo nìyẹn, èèwọ̀ ni.
3. Àwọn 9 tí ẹ bá yàn á wá dìbò ìkọ̀kọ̀ yan alága. Ó gbọ́dọ̀ ní ìbò 5, ó kéré tán. Bí kò bá sí ẹni tó ní in, ẹ tún ìbò dì.

Ní Ìráànì, ọdún 1954 ni àwọn obìnrin tó bẹ̀rẹ̀ sí wọ ìgbìmọ̀. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú ìtàn àtijọ́ bẹ́ẹ̀ lẹni yẹn gbọ́.