Báwo ni mo ṣe lè pa bọ́nẹ́ẹ̀tì àti bọ́ọ̀tì ọkọ̀ Corvette C6 (ìran kẹfà Corvette) dé tí mi ò fi ní bà á jẹ́?

Ẹ má gbá a o! Ara Corvette kì í ṣe irin bíi ti ọkọ̀ yòókù. Láti 1953 ni wọ́n ti ń fi fáíbà ṣe é, fáíbà sì lè sán. Iwájú ni ìdè (híńjì) bọ́nẹ́ẹ̀tì C6 wà, nítorí náà ẹ̀yìn, lẹ́bàá gíláàsì, ló ti ń há, lọ́tùn-ún àti lósì. Ẹ rọra sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ẹ̀gbẹ́ kan títí ẹ ó fi gbọ́ "kó", kí ẹ tó tẹ ìkejì. Ẹ má tẹ àárín.

Ti bọ́ọ̀tì, gíláàsì ló pọ̀ jù níbẹ̀, bí òrùlé ọkọ̀ yín kì í bá ṣe ti aṣọ. Ẹ wò ó bóyá ẹrù ò yọrí sókè, kí ẹ sì rọra tì í wálẹ̀. Mọ́tò kékeré kan ni yóò fà á wọlé fúnra rẹ̀.