Dídá owó orí padà kò sọ ẹni tó ni ilé

Arábìnrin wa kan tó ń gbé Kubwa, ní Abuja, ló béèrè ọ̀rọ̀ yìí. Òun àti ọkọ rẹ̀ ti fẹ́ra ju ọdún mẹ́wàá lọ, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, wọ́n sì jọ kọ́ ilé kan sí Lugbe. Ní báyìí, àárín wọn ti dàrú kọjá àtúnṣe. Bàbá rẹ̀ ránṣẹ́ láti Ọ̀fà pé kó dá owó orí padà fún àwọn àna kí wàhálà lè tán. Ọkọ náà ní tó bá ti dá a padà, kó má dárúkọ ilé Lugbe mọ́, pé bí àwọn bàbá ńlá wa ṣe ń ṣe é nìyẹn. Arábìnrin wa fẹ́ mọ ohun tí dídá owó orí padà jẹ́ gan-an, àti bóyá òótọ́ ni pé ó ń gba ilé lọ́wọ́ obìnrin.

Kò gba ilé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tí owó orí so ni dídá a padà ń tú, owó orí ò sì fìgbà kan so ilé.

Ẹ rántí ọjọ́ ìdána yín. Wọ́n to iṣu, obì, orógbó, ataare, oyin, ìrèké, iyọ̀ àti àádùn síwájú ẹbí, alága ìdúró ń bẹ̀bẹ̀, alága ìjókòó ń bèèrè owó. Àpò ìwé pélébé-pélébé ń bọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan: owó ìṣígbá, owó bàbá gbọ́, owó ìyá gbọ́, ti àwọn ìyàwó ilé, ti àwọn ọmọ ilé. Àjẹtán àti ìnátán ni gbogbo ìyẹn. Kò sẹ́ni tó ń padà wá béèrè iṣu tí wọ́n ti gún jẹ. Owó orí nìkan ló dá yàtọ̀. Òun ni ẹ̀rí pé ẹbí ti yọ̀ǹda ọmọ wọn, pé ó ti di aya ọkùnrin yìí, pé ọmọ tó bá bí, ọmọ ilé ọkọ ni. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun nìkan ni wọ́n ń béèrè tí ìgbéyàwó bá tú.

Nígbà tí ìjọba òyìnbó gbé kóòtù ìbílẹ̀ kalẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá, irú ẹjọ́ yìí pọ̀ níbẹ̀ gan-an. Obìnrin tó fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ọkọ á wá sí kóòtù, ọkùnrin tó fẹ́ fẹ́ ẹ ló sì sábà máa ń gbé owó sílẹ̀. Kóòtù á gbà á fún ọkọ àkọ́kọ́, ìgbéyàwó ti tú nìyẹn. Kì í ṣe ìtanràn obìnrin, kò sì túmọ̀ sí pé obìnrin ń ra ara rẹ̀ padà. Ẹ̀tọ́ ọkọ àtijọ́ lórí rẹ̀ ni owó yẹn ń parí, kí wọ́n má bàa sọ pé ọkùnrin kejì gba aya aláya. Bí obìnrin bá kó ẹrù lọ sílé bàbá rẹ̀ láìdá owó orí padà, dálémoṣú ni wọ́n ń pè é, lójú àṣà sì rèé, aya ọkọ rẹ̀ ṣì ni. Nínú gbogbo èyí, ẹ ò ní rí ibi tí àwọn àgbà ti fi owó orí pín ilé tàbí oko.

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé owó orí tiyín gan-an kò sí lọ́wọ́ bàbá yín rí. Ọ̀pọ̀ ẹbí lónìí ló jẹ́ pé lójú agbo níbẹ̀ ni wọ́n ti ń gbé àpò owó orí padà fún ẹbí ọkọ, tí wọ́n á ní, “A ò ta ọmọ, ìtọ́jú la fẹ́.” Bí tiyín bá rí bẹ́ẹ̀, ohun tí bàbá ń sọ kò ju owó àmì lásán lọ. Ibi tí wọ́n bá sì ti gba owó ọ̀hún, kóòtù ìbílẹ̀ sábà máa ń wo iye ọdún tí obìnrin lò àti ọmọ tó bí kí wọ́n tó sọ iye tó máa dá padà.

Kí wá ni àṣà sọ nípa ohun ìní? Ó sọ pé ti ọkọ ni ti ọkọ, ti ìyàwó sì ni ti ìyàwó. Láti ilẹ̀ wá ni ọkọ Yorùbá ti ń fún aya ní owó òwò, tí èrè ọjà sì jẹ́ ti aya. Ẹrù tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, aṣọ, wúrà, ilẹ̀ tó fi owó ara rẹ̀ rà, ọkọ ò ní in. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ìyàwó náà kò ní ti ọkọ. Ní 1957, ilé ẹjọ́ àpapọ̀ tí wọ́n ń pè ní Federal Supreme Court sọ nínú ẹjọ́ Suberu àti Sunmonu pé lábẹ́ àṣà Yorùbá, ìyàwó kì í jogún ọkọ. Gbólóhùn yẹn ni ọ̀pọ̀ ọkùnrin ń gbé kiri bí ẹni gbé idà. Inú mi máa ń bàjẹ́ tí mo bá gbọ́ ọ lẹ́nu ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ra bílọ́ọ̀kù, tó sì san owó bíríkìlà. Ẹjọ́ ogún nìyẹn. Òkú ló ń fi ogún sílẹ̀. Ẹni méjèèjì wà láàyè níbí, ohun tí ìyàwó sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ sínú ilé, tirẹ̀ ni lójú àṣà kan náà tí ọkọ ń pè ní ẹlẹ́rìí.

Ohun kan wà tí arábìnrin wa ò sọ, òun ló sì ṣe pàtàkì jù: ṣé ìdána nìkan ni wọ́n ṣe, àbí wọ́n tún lọ kóòtù tàbí ṣọ́ọ̀ṣì gba sàtífíkéètì? Ọ̀pọ̀ Yorùbá Abuja ló ṣe méjèèjì láàárín ọjọ́ díẹ̀ síra. Bí sàtífíkéètì ìgbéyàwó òfin bá wà nílé, bàbá lè dá owó orí padà lẹ́ẹ̀mẹ́wàá, ìgbéyàwó yẹn ò tú. Ilé ẹjọ́ gíga nìkan ló lè tú u, fún ẹni tó ń gbé Kubwa, ìyẹn ni ilé ẹjọ́ gíga ti FCT, agbègbè olú-ìlú àpapọ̀ wa. Ẹni tó bá fẹ́ ẹlòmíì pẹ̀lú sàtífíkéètì yẹn nílẹ̀ ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tó lè gbé e dẹ́wọ̀n, ọkùnrin ni o, obìnrin ni o. Mo tẹnu mọ́ èyí nítorí ìpàdé ẹbí ni àwọn èèyàn wa kà sí òpin ọ̀rọ̀.

Òfin tó ń darí rẹ̀ ni Matrimonial Causes Act ti 1970. Ìdí kan ṣoṣo ló gbà: pé ìgbéyàwó náà ti túká kọjá àtúnṣe. Ẹni tó pe ẹjọ́ á fi ẹ̀rí hàn, bíi àgbèrè tí kò ṣeé fara mọ́, ìwà tí kò ṣeé bá gbé, kí ẹnì kejì ti pa á tì fún ọdún kan ó kéré tán, tàbí kí wọ́n ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọdún méjì tí ẹnì kejì kò sì tako ìkọ̀sílẹ̀. Bó bá pé ọdún mẹ́ta tí wọ́n ti wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, àtakò ẹnì kejì ò dí i lọ́wọ́ mọ́. Ìgbéyàwó tí kò tíì pé ọdún méjì ní láti gbàṣẹ kóòtù kó tó bẹ̀rẹ̀, àfi nítorí ìdí díẹ̀ kan. Lọ́yà gbọ́dọ̀ ti bá oníbàárà rẹ̀ sọ̀rọ̀ nípa ìlàjà, adájọ́ náà á sì béèrè. Bí adájọ́ bá gbà, á kọ́kọ́ fúnni ní decree nisi, ìyẹn àṣẹ ìtúká àkọ́kọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀ ni ìtúká ń di pátápátá, bí àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 bá sì wà, kóòtù gbọ́dọ̀ rí i pé ètò wà fún wọn. Ire ọmọ ni wọ́n ń wò nípa ẹni tó máa tọ́ wọn.

Bó bá jẹ́ yìgì ni wọ́n so, ọ̀nà ibẹ̀ yàtọ̀, nítorí sọ̀dáàkì, owó tí ọkọ ń san nídìí yìgì, kì í ṣe owó orí. Ọwọ́ obìnrin fúnra rẹ̀ ló ń bọ́ sí, kì í ṣe ọwọ́ bàbá, bí ọkọ bá sì kọ̀ ọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n ti jọ gbé, tirẹ̀ ni títí láé. Bí obìnrin ló bá fẹ́ lọ, ó lè fi sọ̀dáàkì tàbí ohun tí wọ́n bá fẹnu kò sí gba ara rẹ̀, èyí tí àwọn àáfà ń pè ní kuluu, Kùránì sì sọ ọ́ nínú Súrà kejì, ẹsẹ̀ 229. Èyí lè jẹ́ ibi tí àwọn Yorùbá Mùsùlùmí níhìn-ín ti ń da owó orí pọ̀ mọ́ sọ̀dáàkì. Síbẹ̀, ẹ̀sìn ò sọ dúkìá aya di ti ọkọ rí, ẹni tó bá ní ẹ̀rí pé owó òun wà nínú ilé lè béèrè rẹ̀ níwájú kóòtù.

Ó wá ku ilé Lugbe. Níbi tí ìgbéyàwó òfin bá wà, abala 72 òfin 1970 yẹn fún adájọ́ ní agbára láti pín ohun ìní lọ́nà tó bá rí pé ó tọ́ tó sì yẹ. Kò sọ pé ìdajì-ìdajì. Ohun tí tọkọtaya rí nínú fíìmù Amẹ́ríkà kọ́ ló ń ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹjọ́ gíga ní Maitama. Ẹ̀rí ni àwọn adájọ́ ń béèrè, obìnrin ti pàdánù rí nítorí pé kò lè fi hàn ohun tó san. Ẹni tó ṣe ìdána nìkan ò lè lo abala yẹn, ṣùgbọ́n ó lè pe ẹjọ́ lọ́tọ̀ lórí owó tó fi sínú ilé.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ láti òní: álẹ́ẹ̀tì báǹkì, rìsíìtì sìmẹ́ǹtì àti páànù, ọ̀rọ̀ tí ẹ jọ kọ síra lórí WhatsApp nígbà tí ilé ń lọ lọ́wọ́. Bó bá jẹ́ àjọ lẹ fi kọ́ ọ, ẹ wá káàdì àjọ yín jáde. Káàdì tó fi hàn pé ẹ kó owó lóṣù kẹta, àti rìsíìtì páànù tí wọ́n kọ lóṣù kẹta kan náà, ó lágbára ju ẹnu ẹlẹ́rìí mẹ́wàá lọ. Ẹni tó bá se oúnjẹ, tó san owó ilé ìwé kí ọkọ lè rí owó fi kọ́lé, kó kọ ìyẹn náà sílẹ̀ fún lọ́yà.

Ẹ tún mọ irú ìwé tí ilé náà ní. Ilẹ̀ FCT, ìjọba àpapọ̀ ló ni ín, mínísítà FCT ló ń buwọ́ lu C of O, ìyẹn ìwé ẹ̀tọ́ ilẹ̀, AGIS, iléeṣẹ́ àkọsílẹ̀ ilẹ̀ Abuja, ló sì ń tọ́jú àkọsílẹ̀ rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí lọ́yà lọ yẹ̀ ẹ́ wò níbẹ̀ kó lè mọ orúkọ tó wà lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilẹ̀ Lugbe ló jẹ́ pé ìwé àríà káńsù, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ Abuja, ló ní, kì í ṣe ti mínísítà, àwọn tọkọtaya kan máa ń jà lórí ilé tí ìwé rẹ̀ fúnra rẹ̀ ò tíì dúró. Ẹni tí tirẹ̀ bá wà ní Mararaba, kó mọ̀ pé ìpínlẹ̀ Nasarawa nìyẹn, kì í ṣe Abuja. Bí ẹ̀rù bá sì ń bà yín pé ọkọ lè tà á, lọ́yà lè bẹ kóòtù kí wọ́n dá a dúró títí ẹjọ́ á fi parí.

Mo mọ̀ pé bàbá yín á sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Mo gbà pẹ̀lú wọn, pàápàá níbi tí ọmọ mẹ́ta wà. Nítorí ìyẹn ni ilé ẹjọ́ gíga FCT fi ní Abuja Multi-Door Courthouse, níbi tí olùlàjà á ti jókòó pẹ̀lú yín, tí àdéhùn tí ẹ bá ṣe á sì lè di àṣẹ kóòtù. Ẹni tí kò bá lówó lọ́yà lè lọ bá FIDA, ẹgbẹ́ àwọn obìnrin lọ́yà, tàbí Legal Aid Council, àjọ ìjọba tó ń ran aláìní lọ́wọ́ ní kóòtù.

Bí bàbá bá ní dandan ni kí owó orí padà, ẹ jẹ́ kó padà, kò lè gba ilé lọ́wọ́ yín. Ohun tí ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe ni kí ẹ fọwọ́ sí ìwé táwọn àna bá gbé wá lọ́jọ́ yẹn, tí wọ́n kọ sí i pé “kò sí ọ̀rọ̀ mọ́ láàárín wa.” Ẹ ní kí wọ́n kọ iye owó orí àti ọjọ́ tí wọ́n gbà á nìkan, kí ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí i, kí ẹ sì mú ẹ̀dà kan wálé.