Wọ́n Pa Ọ̀rọ̀ Mi Rẹ́ Lórí Ìkànnì: Ṣé Kí N Gba Lọ́yà?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin olóòtú wa. Mo kọ ọ̀rọ̀ gígùn kan sí ìkànnì kan láti tako ohun tí ẹnì kan sọ níbẹ̀ nípa owó orí. N kò bú ẹnikẹ́ni, n kò ṣépè. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pa á rẹ́, wọ́n sì dí mi lọ́nà àtikọ òmíràn. Wọ́n ní mo rú òfin wọn. Òfin wo? Wọn ò sọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Amẹ́ríkà, níbi tí ìkànnì náà wà, ní kí n pè wọ́n lẹ́jọ́, pé òfin ilẹ̀ náà fún gbogbo èèyàn ní òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ. Ṣé òótọ́ ni? — Òǹkàwé tí inú ń bí

ÌDÁHÙN: Ó yẹ kí inú bí yín. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì náwó sórí lọ́yà.

Àtúnṣe Àkọ́kọ́ sí ìwé òfin Amẹ́ríkà ni ọ̀rẹ́ yín ń wí, ó sì ti wà láti 1791. Ẹ wo ẹni tó ń bá wí: ó ní Kóńgírẹ́ẹ̀sì, ilé aṣòfin wọn, kò gbọdọ̀ ṣe òfin tó máa dín òmìnira ọ̀rọ̀ sísọ kù. Àwọn ilé ẹjọ́ ti nà án dé ọ̀dọ̀ gómìnà, ọlọ́pàá, ilé ìwé ìjọba àti gbogbo ẹni tó ń lo agbára ìjọba. Ẹni tó fi owó ara rẹ̀ dá ìkànnì sílẹ̀ kò sí nínú wọn. Ìjọba lè jù yín sẹ́wọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu yín. Ẹni tó ni ìkànnì kò lè ṣe ju pé kó lé yín kúrò níbẹ̀.

Ẹjọ́ kan wà tí àwọn tí inú ń bí bíi tiyín máa ń gbé lọ síwájú adájọ́. Ilé iṣẹ́ tó ń kan ọkọ̀ ojú omi ló ni odindi ìlú Chickasaw ní ìpínlẹ̀ Alabama nígbà kan: títì rẹ̀, ilé rẹ̀, títí kan ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀. Grace Marsh, Ẹlẹ́rìí Jèhófà, dúró nítòsí ilé ìfìwéránṣẹ́ níbẹ̀, ó ń pín ìwé ẹ̀sìn. Wọ́n ní kó kúrò, kò kúrò, ni wọ́n bá mú un. Ní 1946, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dá a láre. Adájọ́ Hugo Black ṣàlàyé pé bí ẹni tó ni nǹkan bá ṣe ṣí i sílẹ̀ fún ará ìlú tó nítorí àǹfààní ara rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ àwọn tó ń lò ó yóò ṣe máa dín àṣẹ rẹ̀ kù.

Ó jọ pé ọ̀rọ̀ ìkànnì ni adájọ́ yìí ń sọ, àbí? Bí Prager University, ilé iṣẹ́ kan tó ń ṣe fídíò, náà ṣe rò ó nìyẹn nígbà tí wọ́n pe Google, tó ni YouTube, lẹ́jọ́ nítorí bí YouTube ṣe dí àwọn kan lọ́nà àtiwo fídíò wọn. Ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kò gbà fún wọn ní 2020. Ilé iṣẹ́ tó ni Chickasaw ń ṣe gbogbo iṣẹ́ tí ìjọba ìlú ń ṣe. YouTube kò ṣe irú rẹ̀. Nínú ẹjọ́ Halleck ní 2019 pàápàá, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ti sọ pé fífún àwọn ẹlòmíràn láyè láti sọ̀rọ̀ nìkan kò sọ èèyàn di ìjọba. Mo fara mọ́ ìdájọ́ náà. Bí ìjọba bá lè fipá mú ẹnì kan láti gbé ọ̀rọ̀ tí kò fẹ́ sórí ìkànnì rẹ̀, òmìnira ti ẹni yẹn ńkọ́?

Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló pa ọ̀rọ̀ yín rẹ́ lójú ewé tó fi ń ṣiṣẹ́ ìjọba, ìyẹn lè di ẹjọ́. Tiyín kì í ṣe irú rẹ̀.

Síbẹ̀, wọ́n ṣe yín níkà. Kí n tó máa dáhùn ìbéèrè níbí, ìdí lẹ́tà àwọn òǹkàwé ni mo wà ní ilé iṣẹ́ ìwé ìròyìn kan. Kò sí ọjọ́ tí a kì í yọ lẹ́tà kan kúrò, bóyá torí pé àyè kò gbà á, bóyá torí pé ẹnì kan pe aládùúgbò rẹ̀ lólè láìsí ẹ̀rí. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ kì í jẹ́ ká yọ ọ̀kankan láìkọ ìdí rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹni tó kọ ọ́ bá dé, ohun tí a máa fi hàn án ti wà nílẹ̀. Agbọ́tẹnìkan-dájọ́, òṣìkà èèyàn ni àwọn àgbà pè é. Èyí tó tún wá dájọ́ láìgbọ́ tẹnìkan rárá ńkọ́?

Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù ti sọ èyí di òfin. Wọ́n ṣe é ní 2022, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní oṣù Kejì 2024. Ìkànnì tó bá yọ ọ̀rọ̀ ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ ìdí rẹ̀ fún un, kó sì sọ bóyá wọ́n lo ẹ̀rọ láti fi pinnu. Àwọn tó bá ti kúrò ní ilé iṣẹ́ kékeré gbọ́dọ̀ fún un ní oṣù 6, ó kéré tán, láti pe kòtẹ́milọ́rùn lọ́fẹ̀ẹ́, wọn ò sì gbọdọ̀ fi ẹ̀rọ nìkan dá a lóhùn. Ó wù mí kí gbogbo ayé gba irú òfin yìí.

Ní báyìí, ẹ ka àwọn òfin ìkànnì náà láti òkè délẹ̀. Ẹ kọ̀wé sí wọn, ẹ béèrè gbólóhùn tó rú òfin àti òfin tó rú. Bí wọn ò bá dáhùn, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yín lọ sí ibòmíràn. Láti ìsinsìnyí lọ, ẹ máa tọ́jú ẹ̀dà ohun tí ẹ bá kọ.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n mi, èmi àti ọ̀rẹ́ mi la ní ìkànnì kékeré kan fún àwọn tó ń tọ́jú òbí tó ti darúgbó. Èébú ti pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹnì kan sọ pé bí a bá ti pa ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo rẹ́, gbogbo èyí tó bá kù ti di ẹjọ́ tiwa. Ṣé ká kúkú fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀? — Àbúrò yín

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, ẹni yẹn kò ṣàdéédéé sọ ọ́. Ní 1991, ilé ẹjọ́ kan ní New York dá CompuServe, ilé iṣẹ́ tó ní ìkànnì nígbà náà, sílẹ̀ nítorí pé kì í yẹ ohun tí àwọn èèyàn ń gbé síbẹ̀ wò. Ní 1995, adájọ́ mìíràn ní ìpínlẹ̀ yẹn kan náà sọ pé Prodigy, irú ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ náà, gbọ́dọ̀ jẹ́jọ́ ohun tí ẹni àìmọ̀ kan kọ nípa ilé iṣẹ́ Stratton Oakmont, torí pé Prodigy máa ń yọ ọ̀rọ̀ àlùfààṣá kúrò. Ẹni tó gbálẹ̀ jìyà, ẹni tó dijú bọ́ lọ́wọ́ ìyà! Aṣòfin méjì, Chris Cox àti Ron Wyden, rí i pé èyí kò dára, òfin tí wọ́n gbé kalẹ̀ sì jáde ní 1996. Láti ìgbà náà, ní Amẹ́ríkà, ọ̀rọ̀ tí ẹlòmíràn kọ kì í sábà di ẹjọ́ ìkànnì, bí o bá sì fi ọkàn rere yọ èébú kúrò, kò sọ ẹ́ dọ̀daràn. Ní Yúróòpù, bí wọ́n bá ti sọ fún ẹ pé ohun kan tó lòdì sófin wà lórí ìkànnì rẹ, tí o kò sì ṣe nǹkan kan, ìgbà náà ni ọ̀ràn lè kàn ẹ́. Béèrè ti ilẹ̀ tí o wà.

Nítorí náà, pa èébú rẹ́. Kọ òfin yín sílẹ̀ lédè tí ẹni tó ti rẹ̀, tó ń ṣàìsùn nítorí òbí rẹ̀, máa kà tó máa yé e. Má fọwọ́ kan ọ̀rọ̀ kìkì nítorí pé ó bú ìkànnì yín tàbí ó tako èrò rẹ. Ibẹ̀ ló le jù, mo mọ̀. Bí o bá pa ọ̀rọ̀ ẹnì kan rẹ́, tó sì kọ̀wé padà, ọ̀rẹ́ rẹ ni kó yẹ ẹjọ́ náà wò, kó sì dá a lóhùn.